Ìkòkò Tí Mo Pè Ní Irin

Olùkọ́ kẹ́mísìrì ni mí. Bí ẹ bá ń wá àléébù mi, inú iṣẹ́ náà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo nǹkan ni mo máa ń fẹ́ wọ̀n. Òṣùwọ̀n pẹlẹbẹ kan wà lórí tábìlì ilé ìdáná wa ní Bódìjà, irú èyí tó ń kọ nọ́ńbà jáde lójú. Òun ni mo fi ń wọn ìyẹ̀fun, òun ni mo fi ń wọn iyọ̀, òun náà ni mo fi ń wọn ẹran tí alápatà bá tà fún mi, kí n lè mọ̀ bóyá ó rẹ́ mi jẹ. Màámi a máa sọ pé lọ́jọ́ tí mo bá máa kú, n ó kọ́kọ́ wọn pósí kí n tó gbà kí wọ́n tẹ́ mi sínú rẹ̀. A jọ máa ń rẹ́rìn-ín sí i ni. Àwọn ni wọ́n wá kọ́kọ́ lọ, n kò sì wọn ohunkóhun lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ikú wọn. Ti ìkòkò wọn ni.

Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni àwọn òbí mi. Èmi ti yà sọ́dọ̀ àwọn Áńgílíkà láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì, kì í ṣe pé mo rí ìmọ́lẹ̀ kan níbẹ̀ o, ìsìn wọn ni kì í pẹ́. Lọ́dọọdún, nínú oṣù kìíní, tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ lọ́wọ́, Bàámi àti Màámi a gun òkè àdúrà kan tó wà lẹ́yìn ìlú, wọn a sì fi ọjọ́ mẹ́ta gbààwẹ̀ níbẹ̀. Omi nìkan ni wọ́n ń fẹnu kàn ní ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo máa ń fi mọ́tò gbé wọn dé ìsàlẹ̀ òkè. Bàámi a gbé sítóòfù kẹrosíìnì dání. Màámi a ká òṣùká lé orí, wọn a gbé ìkòkò ńlá kan lé e, ògì gbígbẹ àti ṣúgà a sì wà nínú ìkòkò náà. N ó juwọ́ sí wọn, n ó yí mọ́tò padà. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, n kò tẹ̀lé wọn gun òkè náà rí, àní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Tí mo bá padà lọ gbé wọn, n ó bi Màámi pé báwo ni ibẹ̀ ti rí. Ohun kan náà ni wọ́n máa ń fi dá mi lóhùn: "A ṣínu dáadáa." Mo rò pé ẹ̀kọ tí àwọn àti ọkọ wọn mu ni wọ́n ń sọ. Kò wá sí mi lọ́kàn kí n béèrè ìdí tí ẹni méjì fi ń ru ìkòkò tó lè se ẹ̀kọ fún odindi agboolé lọ sórí òkè. Èmi tí mò ń wọn iyọ̀, n kò wọn ìyẹn wò.

Nígbà òjò ni Màámi kú. Ilé wá dákẹ́. Èmi àti Bàámi a jókòó sídìí oúnjẹ, a ó jẹun tán, a kò ní sọ ju "ẹ kú ìjókòó" àti "o ṣeun" lọ. Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn tí ọdún fi yí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ọdún tuntun, Bàámi gbé ṣíbí wọn kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní, "Mo máa lọ sórí òkè."

Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún dáadáa. Orúnkún wọn ọ̀tún ti ń wú, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn láti yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ò lè dá lọ."

"Ta ni yóò bá mi lọ?"

"Èmi."

Wọ́n wò mí bí ẹni tó gbọ́ pé adìyẹ sọ̀rọ̀. "Ìwọ?"

"Èmi náà ni."

Ẹ má rò pé ìtara Ọlọ́run ló gbé mi. Orúnkún wọn ló gbé mi. Mo ti pinnu pé wọn kò ní ru nǹkan kan ju ọ̀pá àti Bíbélì lọ, èmi ni n ó gbé gbogbo ẹrù. Ṣùgbọ́n ìbàdí tèmi náà kì í ṣe ti ọmọge mọ́. Ẹni tó fi ọdún méjìlélógún dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé mọ ohun tí mò ń wí. Ẹrù náà gbọ́dọ̀ fúyẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo orí fóònù mi, mo ń wá bí wọ́n ṣe ń dáná lórí òkè. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé àwọn òyìnbó kan tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n pọn báàgì kí wọ́n sì máa gun òkè kiri lọ. Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń wọ̀n! Wọ́n ń wọn ṣíbí, wọ́n ń wọn ìbọ̀sẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ sí méjì kí ẹrù rẹ̀ lè dín kù. Mo ní háà, mo ti rí àwọn ènìyàn mi. Mo dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo lọ gé tèmi náà.

Sítóòfù kẹrosíìnì ni mo kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ẹrù. Mo gbé e lé òṣùwọ̀n, nọ́ńbà tó kọ jáde bà mí lẹ́rù. Ìkòkò ló kàn. Ó wà lórí pákó lókè ilé ìdáná, níbi tí Màámi gbé e sí gbẹ̀yìn, ìdí rẹ̀ dúdú, ó tóbi bí agbada alákàrà. Mo gbójú sókè wò ó. "Irin nìyí," ni mo sọ fún ara mi, mo sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ní Dùgbẹ̀, mo ní kí obìnrin kan tó ń ta nǹkan ìdáná fi sítóòfù gáàsì tó kéré jù lọ hàn mí. Ó gbé ọ̀kan kalẹ̀. Mo ní kò kéré tó. Ó gbé òmíràn. Mo ní kò kéré tó. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ọmọ yín fẹ́ fi ṣeré ni?" Mo bínú kúrò níbẹ̀. Olùkọ́ kan níléèwé wa ló júwe akẹ́kọ̀ọ́ kan fún mi ní Agbowó, tó máa ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun òkè lópin ọ̀sẹ̀. Yàrá rẹ̀ kún fún báàgì àti okùn, a kò rí ibi jókòó sí. Ó gbé sítóòfù kan lé mi lọ́wọ́ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tó ń ká ló ní, orí agolo gáàsì kékeré ni wọ́n ń lọ́ ọ mọ́. Inú mi dùn bíi ti ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní, "Mọ́mì, agolo gáàsì kékeré wà, ńlá náà wà. Ẹ̀yin mélòó lẹ fẹ́ jẹun?"

Mo ní, "Ẹni méjì."

"Kékeré á tó yín nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ afẹ́fẹ́ o. Tí afẹ́fẹ́ bá ń bá iná yẹn jà, gáàsì ò ní pẹ́ tán."

Ẹ̀yin mélòó lẹ fẹ́ jẹun. Ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kí n gbé délé fún Bàámi, èmi ni mo dá a lóhùn láìronú ní Agbowó. Mo ra agolo kékeré. Mo ra ìkòkò kan tó dà bíi kọ́ọ̀bù, tí ọwọ́ rẹ̀ ń ká, tí ọmọrí rẹ̀ tún jẹ́ abọ́. Ife omi méjì ló ń gbà. Ṣíbí tó ń ká tún wà, mo mú méjì. Ẹsẹ̀ ike kékeré kan wà tí wọ́n ń gbé agolo gáàsì lé kó má baà wó, mo mú ọ̀kan. Nígbà tí mo máa fi kúrò lọ́dọ̀ ọmọ yẹn, ó ti ń pè mí ní ògá.

Ó wá ku ohun tí n ó fi dí afẹ́fẹ́. Oníṣẹ́ páànù kan wà ní Àpáta tó bá wa tún òrùlé ṣe nígbà kan. Mo lọ bá a, mo ní kó gé páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan fún mi, kó ká a sí ọ̀nà mẹ́rin, kí n lè fi yí iná po. Ó gé ọ̀kan. Mo yọ òṣùwọ̀n mi jáde nínú báàgì. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbé òṣùwọ̀n dé Àpáta. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù pa iṣẹ́ wọn tì, wọ́n ń wò mí. Mo ní ó wúwo jù.

Oníṣẹ́ páànù náà ní, "Màdáàmù, ẹ jẹ́ kó nípọn díẹ̀. Afẹ́fẹ́ orí òkè kì í ṣe afẹ́fẹ́ Bódìjà."

"Ẹ bá mi lo èyí tó fẹ́lẹ́ jù lọ."

"Kò burú. Ẹ̀yin lẹ ni ẹrù yín."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò wa, mo to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun. Mo rán àpò kékeré kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo ń wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé, mo ń yọ èyí, mo ń fi tọ̀hún sí i. Bàámi jókòó sórí àga wọn létí fèrèsé, wọ́n ń wò mí.

Wọ́n ní, "Ìkòkò ìyá rẹ ńkọ́?"

"Bàbá, ìkòkò yẹn? Irin ni. Ta ni yóò rù ú?"

"Ìyá rẹ máa ń rù ú."

"Orí Màámi le ju tèmi lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ọ̀pá wọn sí ìkòkò oníkọ́ọ̀bù náà. "Eléyìí, ṣé yóò tó?"

"Ẹni méjì la jẹ́, Bàbá."

Wọ́n wo tábìlì, wọ́n wo ojú mi, wọ́n tún wo tábìlì. "Ó dáa," ni wọ́n wí. Mo ti dàgbà tó láti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo "ó dáa" tó bá ti ẹnu àgbà jáde ló dáa. Ṣùgbọ́n mo ti padà sídìí òṣùwọ̀n mi.

A gun òkè náà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà lágbedeméjì ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ti máa ń bọ́ bàtà, nítorí ilẹ̀ mímọ́ ni wọ́n ka ibẹ̀ sókè sí. Mo bọ́ tèmi, mo bá Bàámi tú okùn tiwọn. Wọ́n fi ọwọ́ kan di èjìká mi mú, wọ́n fi ọ̀kan di ọ̀pá mú, a ń sinmi lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹrù ẹ̀yìn mi ńkọ́? Bíi pé n kò gbé nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, inú mi dùn púpọ̀. Àwọn obìnrin tó ń ru ike omi kọjá lára wa, wọ́n ń mí gule gule, mo sì ń káàánú wọn.

Bí a ṣe dé òkè, obìnrin àgbàlagbà kan nínú aṣọ funfun sáré wá pàdé wa. Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ káàbọ̀ o! Ìyá dà?"

Bàámi ní, "Ìyá ti lọ sinmi."

Obìnrin náà fi ìdí lélẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí. Àwọn mìíràn wá, wọ́n ń kí wa, wọ́n ń gbàdúrà fún wa. Ọkùnrin kan láàárín wọn wo báàgì ẹ̀yìn mi, ó tún wo ọ̀nà tí a gbà wá, bíi pé nǹkan kan ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo rò pé ìbànújẹ́ ló ń ṣe é.

N kò ní purọ́ pé mo gbàdúrà dáadáa. Ebi ni mo gbà lọ́jọ́ kìíní, orí fífọ́ ni mo gbà lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn tó wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan ti wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ẹní àti Bíbélì nìkan ló mú wá. Obìnrin kan ti fi ẹsẹ̀ rìn láti Ẹlẹ́yẹlé wá, ó ń wá ọmọ. Àwọn mìíràn kò sọ ohun tí wọ́n ń wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni n kò rí oúnjẹ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní wọn, mo sì sọ lọ́kàn mi pé àwọn ará ilé wọn ni yóò gbé e wá lọ́jọ́ ìṣínu.

Lọ́jọ́ kẹta, a parí àdúrà ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Mo wá ibi tí òkúta ti ṣíji díẹ̀, mo to àwọn nǹkan mi sílẹ̀. Mo lọ́ sítóòfù mọ́ agolo, mo fi páànù Àpáta yí i ká, mo ṣáná sí i. Iná yọ. Mo da omi sínú ìkòkò, mo po ògì sínú abọ́. Ẹ kò lè mọ bí àyà mi ti wú tó. Ìgbà náà ni Bàámi fi ọ̀pá ti ara wọn dìde, wọ́n tún aṣọ funfun wọn ṣe, wọ́n sì fi ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn láti ìgbà tí Màámi ti kú ké sókè pé, "Ẹ̀yin ará, ẹ wá bá wa ṣínu o!"

N kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ta ni kì í pe ènìyàn wá jẹun? Èmi fúnra mi ti pe ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn nígbà tí ṣíbí ti wà lẹ́nu mi. Ẹni tí wọ́n pè yóò ní, "Á gba ibi ire o," yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Bí ẹnìkan bá fa àga jókòó tì mí lóòótọ́, àfàìmọ̀ kí n má dákú. Mo ń ro ẹ̀kọ mi, mo ń retí kí wọ́n dáhùn pé á gba ibi ire. N kò gbọ́ ọ. Ohun tí mo gbọ́ ni ìró ẹsẹ̀ lórí òkúta.

Mo wẹ̀yìn. Ènìyàn mọ́kànlá ló tò sẹ́yìn mi. Oníkálùkù mú ife dání, ti ike, ti tánganran, ìdí ìgò ike tí wọ́n gé. Wọ́n ti mú ife wá láti ilé. Wọ́n mọ̀ pé àwọn máa rí ẹ̀kọ gbígbóná mu, nítorí ọdọọdún ni wọ́n ń mu ún, àwọn tó jẹ́ tuntun sì ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo wo wọ́n, mo wo ìkòkò ife méjì tó wà lọ́wọ́ mi. Ooru mú mi láti orí dé ẹsẹ̀, nínú ọyẹ́.

Bàámi wo ìkòkò náà, wọ́n wò mí. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní, "Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá yẹn."

Mo bu fún ìyá àgbà tó kúnlẹ̀ kí wa lọ́jọ́ kìíní, mo bu fún obìnrin Ẹlẹ́yẹlé. Ìkòkò gbẹ. Mo tún gbé omi kaná. Ìgbà yìí ni afẹ́fẹ́ wá dìde. Páànù mi tẹ̀, ó gbọ̀n, ó fò dìde, ó yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀ òkúta. Ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́sẹ̀ méjì yẹn sáré tẹ̀lé e, ó mú un bọ̀ tí ó ti ká wọ́gọwọ̀gọ, kò lè dúró mọ́. Iná ń dùbúlẹ̀, omi kò hó. Ni àwọn tí n kò tíì bu fún bá yí mi po. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wọn. Wọ́n na aṣọ funfun wọn ní ọ̀tún àti lósì, wọ́n fi dí afẹ́fẹ́ fún mi, ebi ọjọ́ mẹ́ta wà nínú wọn, wọ́n sì ń sọ fún mi pé, "Ẹ rọra o, mọ́mì, ẹ má jó ọwọ́ yín."

Mo bu ẹ̀kọ tí kò jinná dáadáa fún ẹni mẹ́rin, ní ààbọ̀ ife, kó lè kárí. Mo tún gbé omi kaná. Ó ku ẹni márùn-ún nígbà tí iná náà di kékeré, ó ṣe pọ́ọ̀, ó kú. Mo mi agolo gáàsì. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Bí wọ́n bá bú mi, ìbá sàn. Obìnrin kan nínú àwọn márùn-ún náà fi etí aṣọ rẹ̀ nu inú ife rẹ̀ gbígbẹ, ó dá a padà sínú àpò rẹ̀, ó sì ní, "Ẹ ṣeun o, mọ́mì. Olúwa á fi kún un." Mo ń gbọ́ ọ títí di òní.

Bàámi ní kí n gbé ògì tó kù wá. Wọ́n pò ó mọ́ omi tútù àti ṣúgà, wọ́n bù ú fún àwọn márààrún. Ìyókù tó wà nísàlẹ̀ abọ́ ni Bàámi fúnra wọn fi ṣínu, ògì tútù, lẹ́yìn ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí i bí ọ̀nà ọ̀fun wọn ṣe ń lọ sókè sódò. N kò lè fi nǹkan kan kan ẹnu mi.

Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ ni mo tó béèrè. Wọ́n sọ ọ́ fún mi díẹ̀díẹ̀, bí a ti ń sinmi. Ọdún tí mo wà ní yunifásítì, àìsàn inú kan mú mi, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, n kò sì mọ ibi tí mo wà fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ èyí. Mo mọ̀ pé àwọn òbí mi lọ gbàdúrà. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ọwọ́ lásán ni wọ́n fi gun òkè yẹn.

Bàámi ní, "A ò mú oúnjẹ, a ò mú ẹní. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá kan tí a ò mọ̀ rí bu ẹ̀kọ gbígbóná fún wa. Ìyá rẹ ò tíì mu ún tán tí ẹnìkan fi gun òkè wá sọ fún wa pé o ti lajú. Ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé ọdọọdún tí òun bá wà láyé, òun máa wá bu ẹ̀kọ fún ẹni tí òun ò mọ̀. Èmi náà jẹ́ ẹ̀jẹ́ pẹ̀lú rẹ̀."

Nítorí mi ni. Gbogbo ọdún tí mò ń já wọn sísàlẹ̀ òkè tí mò ń yí mọ́tò padà, nítorí mi ni wọ́n ṣe ń ru ìkòkò yẹn. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Wọ́n ní, "Di ọwọ́ mi mú. Òkúta ibí yìí ń yọ̀."

Mo fi gbogbo ọdún tó tẹ̀lé e múra sílẹ̀. Mo ra sítóòfù gáàsì gidi, mo ra ògì gbígbẹ tó pọ̀, mo sì ń sọ ọ́ létí Bàámi lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ pé lọ́tẹ̀ yìí, tí wọ́n bá pe ènìyàn, wọ́n á yó. Wọn a mi orí. Ṣùgbọ́n kí ọyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, orúnkún kejì náà wú. Dókítà tí a lọ bá ní Ring Road wo fọ́tò eegun náà, ó sì sọ fún mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé kí n má tún dárúkọ òkè fún wọn mọ́. Láti orí àga dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹni kan ló gbọ́dọ̀ dì wọ́n mú báyìí.

Ohun tó ń dùn mí nìyí, n kò sì mọ bí n ó ṣe wọ̀n ọ́n. Èmi lè lọ. Èmi lè bu ẹ̀kọ fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí bàbá mi fi ẹnu ara wọn pe àwọn ènìyàn yẹn kẹ́yìn láyé, ọdún àkọ́kọ́ tí ìyá mi kò sí níbẹ̀, èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n pè wọ́n sídìí ìkòkò òfìfo.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ dá lọ, mo gun àga, mo gbé ìkòkò Màámi sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó. Mo múra sílẹ̀ fún ìwúwo rẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n ṣubú, nítorí ọwọ́ mi gbé e ju bó ṣe yẹ lọ. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Alumíníọ́ọ̀mù lásán ni. Màámi ti fi yanrìn àti eérú fọ̀ ọ́ láti ọdún dé ọdún títí ara rẹ̀ fi fẹ́lẹ́, ìdí rẹ̀ nìkan ni èéfín mú kó dà bí irin.

Mo gbé e lé òṣùwọ̀n, mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kó àwọn nǹkan wéwèé mi jọ: sítóòfù alátẹ́lẹwọ́, ìkòkò oníkọ́ọ̀bù, páànù tó ti ká, ẹsẹ̀ agolo, ṣíbí méjèèjì, àti gbogbo àpò tí mo rán fún wọn. Mo to gbogbo wọn lé e. Wọ́n wúwo ju ìkòkò ìyá mi lọ.

Bàámi wà lórí àga wọn létí fèrèsé. Ojú wọn kò ríran dé nọ́ńbà òṣùwọ̀n mọ́. Wọ́n ní, "Kí ló wí?"

"Ó fúyẹ́, Bàbá. Ó fúyẹ́ ju gbogbo nǹkan tí mo rà lọ."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo máa ń gbà á lórí ìyá rẹ tí a bá dé òkè."

Mo yíjú sí wọn. "Ẹ mọ̀? Ẹ jókòó síbí yìí lọ́jọ́ yẹn, ẹ mọ̀, ẹ wá ní ó dáa? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Wọ́n fi ọwọ́ pa orí ọ̀pá wọn.

"Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, mi ò gbọ́ ohùn rẹ nínú ilé yìí mọ́," ni wọ́n wí. "Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, o ń to àwọn nǹkan yẹn, o ń wọ̀n wọ́n, o sì ń kọrin. O ò mọ̀ pé ò ń kọrin. Mi ò fẹ́ kí o dákẹ́."

Mo gbé ìkòkò náà, mo da ògì àti ṣúgà sínú rẹ̀, mo sì ń wá òṣùká Màámi kiri ilé. Bàámi ń retí bóyá n ó kọrin. N kò lè kọ ọ́.